O Ṣé O, Sàníù

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni wọ́n kọ "Ọ̀nà Akínyẹlé" fún. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Kò sẹ́ni tó ń gbà. Bí mo bá sọ ọ́ ní gáréèjì Mọ́níyà, wọn á wò mí láti òkè délẹ̀, wọn á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń jẹ́ Sàníù ni, Màmá?" Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú! Àrínọlá ni mò ń jẹ́. Orin tó lókìkí jù ní gbogbo agbègbè wa yìí, èmi ni mo ni ín, orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì wà nínú ẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ará ibí, ẹ ti mọ orin náà. Bí ẹ ò bá jẹ́ ará ibí, gìtá onígi kan ṣoṣo ni àti ohùn ọkùnrin kan, kò sí ìlù, kò sí iná mànàmáná. Ẹsẹ mẹ́ta ni. Tó bá ku díẹ̀ kí ẹsẹ kẹta parí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ìbáà ṣe níbi ìgbéyàwó, ìbáà ṣe nínú bọ́ọ̀sì, wọn á fi ìkúùkù bo ẹnu, wọn á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan á ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" Apá kejì á dáhùn, "O ṣé o, Sàníù!" Àwọn àlejò máa ń rò pé àìsàn ti wọ̀lú.

Ọkọ mi, Josiah Gbọ́njúbọ́lá, ló kọ ọ́. Nínú ilé, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí ọkọ ẹni ni, ó sì fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ṣùgbọ́n lónìí tí mò ń ròyìn yìí, "ó" ni màá máa pè é. Àádọ́ta ọdún ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyá rẹ̀ ń kọrin nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, ó padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́níyà, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ̀yìn tì. Kò burú lójú, kò burú níwà. Ìwà ọ̀hún gan-an ni wàhálà rẹ̀. Mi ò rí ẹni tí ẹ̀kọ́ ilé wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á ní "pẹ̀lẹ́" fún àga. Bí ọlọ́kadà bá ta ẹrẹ̀ sí i láṣọ, òun náà ló máa kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí olè wọlé wa, tó bá Josiah lórí àga ní pálọ̀, Josiah ní, "Ẹ káàbọ̀." Olè náà ní, "Ẹ ṣé, sà," kó tó sá lọ. Ẹni tí mo fẹ́ nìyẹn.

Gìtá títa? Ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti kó o. Ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, onírun gígùn, ló wá kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nírọ̀lẹ́, òyìnbó yẹn á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á gbé gìtá lé itan, á fi wáyà so dùùrù ẹnu mọ́ ọrùn, á máa kọrin nípa ọ̀nà jíjìn àti ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Josiah ní òun rò nígbà yẹn pé gbogbo òyìnbó ni obìnrin ń kọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ sílé, ó gbé gìtá rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kò kó àìsàn orin tó fi ran ọkọ mi lọ.

Bí Sàníù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Sàníù, ọmọ Mùsùlùmí, ẹgbẹ́ Josiah, wọ́n jọ dẹ okété dàgbà ni. Josiah ya àwòrán gìtá sílẹ̀, Sàníù gbẹ́ ẹ láti ara igi apá. Àbí kí la fẹ́ kó ṣe? Kò fọwọ́ kan gìtá rí láyé ẹ̀. Àga àti ibùsùn ló mọ̀ ọ́n kàn. Gìtá ọ̀hún wúwo bí ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ le kì í dúró. Bí Josiah bá ń ta á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó di èèkàn mú. Ta ni yóò ṣe é bí kò ṣe Sàníù? Níbi yòówù tí ẹ bá ti rí ọkọ mi tó ń kọrin ìfẹ́, ẹ ó rí ọkùnrin kejì tó rọ̀ mọ́ ọrùn gìtá rẹ̀ bí ẹni di ewúrẹ́ mú.

Ọdún 1974 ni èmi dé. Alákìá ni wọ́n bí mi sí, ilé Áńgílíkà, akọ̀wé ni bàbá mi. Wọ́n gbé mi wá sí ilé-ìwé tí Josiah wà pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Akínyẹlé. Tí ilé-ìwé bá ti parí, Josiah á sìn mí lọ sílé. Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín fún oṣù mẹ́jọ. Gbogbo ẹni tá a bá pàdé lọ́nà ló ń kí, kì í ṣe kíkí lásán, á béèrè ọmọ, á béèrè oko, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn, nítorí náà a kì í tètè délé.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àrínọlá, mo ti kọ orin kan. Orúkọ rẹ wà nínú ẹsẹ kẹta."

Mo ní kó kọ ọ́ kí n gbọ́. Ó kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ ìkejì, ó dákẹ́. Ó ní òun ò ní kọ ìkẹta fún mi lójú títì bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ. Ó ní inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni màá ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá ń gbọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àpò mi sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe máa ń gọ̀ lọ́mọ ọdún méjìlélógún!

Bí ẹsẹ kẹta náà ṣe lọ rèé:

Bí wọ́n bá bi mí pé, "Ta lò ń wá lọ?"
Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ,
N ó dúró nínú eruku pupa,
N ó ní...

Ibi tí orúkọ mi yẹ kó wà nìyẹn.

Oṣù kìíní ọdún 1975 ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀, ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́dún yẹn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Ìbàdàn ní yàrá kan tó fi ẹní àti àpò kòkó bo ògiri rẹ̀. Ó ní téèpù òun ku ẹyọ kan ṣoṣo, pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí dídúró, kò sí àtúnṣe. Josiah ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó bu gàrí gbígbẹ sẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà, kò rí omi mu sí i, ó wọlé lọ kọrin ìfẹ́ pẹ̀lú gàrí lọ́fun.

Àwọn méjèèjì ló ròyìn ẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn ò sì yàtọ̀. Ẹsẹ kìíní dùn. Ìkejì dùn jù ú lọ. Ó dé ìkẹta, ó ní, "N ó ní..." Gàrí bá gbéra. Ikọ́ dé, ikọ́ ńlá kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n fi igi lu tìmùtìmù. Onírẹ́kọ́ọ̀dù fi ìka sẹ́nu, ó ń mi orí, pé kí ẹnikẹ́ni má mí. Ṣùgbọ́n Sàníù wà níbẹ̀, ó di èèkàn mú. Ìyá Sàníù tọ́ ọmọ. Kò sí bí ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe máa wúkọ́ tí kò ní sọ nǹkan. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Kí ènìyàn kí Josiah, kí Josiah má dáhùn? Láéláé! Gìtá ń lọ, téèpù ń yí, ọkọ mi fi gbogbo ohùn dídùn tí Ọlọ́run fún un dáhùn pé, "O ṣé o, Sàníù." Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ìlà tó kàn, "Òun nìkan ni ọkàn mi ń pè."

Lọ́jọ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà dé, mo wà ní pálọ̀ àǹtí mi. Mo ti pe àwọn aládùúgbò. Mo ti pe ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n fetí sí ẹsẹ kẹta. Wọ́n fetí sí i. Wọ́n gbọ́ ikọ́, wọ́n gbọ́ "Pẹ̀lẹ́ o," wọ́n gbọ́ "O ṣé o, Sàníù, òun nìkan ni ọkàn mi ń pè."

Àǹtí mi ní, "Àrínọlá, ta ni Sàníù?"

Mo ní, "Gbẹ́nàgbẹ́nà ni."

Wọ́n ní, "Háà!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi bá Josiah sọ̀rọ̀. Ó wá bẹ̀ mí. Ta ló mú dání láti bá a bẹ̀bẹ̀? Ẹ ti mọ̀. Sàníù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ilé àǹtí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyàwó wa. Ikọ́ ló wú, mi ò lè máa wò ó." Josiah ní kí n jẹ́ kí òun kọ ẹsẹ náà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n lè gbọ́ orúkọ mi. Mo ní kó pa á mọ́ sápò. Kí ni kí n fi ṣe? Gbogbo Ìbàdàn gbọ́ Sàníù, èmi á wá gbọ́ tèmi lẹ́yìn ilé lẹ́bàá àmù? Mo ní ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti gba orúkọ mi, ojú gbogbo ayé náà ni wọ́n á ti dá a padà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ títí dìgbà yẹn. Ó búra pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ìbúra yẹn ni mo gbà tí mo fi fẹ́ ẹ ní 1976.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí àkọ́bí wa, Tìmílẹ́hìn. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń pè mí ní Ìyá Tìmílẹ́hìn, bí ọkọ gbogbo ṣe ń ṣe. Ẹ wo ayé mi bí! Nínú orin, Sàníù. Nínú ilé, Ìyá Tìmílẹ́hìn. Ìgbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ ní báńkì nìkan ni mo máa ń gbọ́ Àrínọlá.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Orin tí ikọ́ bàjẹ́, ikọ́ ọ̀hún ló sọ ọ́ di ńlá. Josiah bẹ onírẹ́kọ́ọ̀dù pé kí wọ́n tún un gbà. Ọkùnrin náà bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ó ní àwọn tó ń rà á, ikọ́ ni wọ́n ń rà. Olórin kan kọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ láì wúkọ́, wọ́n sọ ṣúkù àgbàdo lù ú. Ibi yòówù tí ọkọ mi bá sì ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀, kó tó sọ "N ó ní" tán, àwọn èrò á ti wúkọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Òun náà á dúró síbẹ̀, gbogbo wọn á máa kí i pẹ̀lẹ́, kò ní lè ṣe kó má dáhùn. "O ṣé o, Sàníù." Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Akólòlò tèmi ò pè é.

Ìjọ wa gan-an fi ọjọ́ méjì ṣèpàdé lórí ẹni tó yẹ kó máa wúkọ́ níbi ìgbéyàwó, bóyá àwọn akọrin ni tàbí ìjọ. Wọ́n dìbò. Ìjọ ló wọlé. Àwọn kan wá ní orúkọ Mùsùlùmí ò bá pẹpẹ mu, kí wọ́n fi Sáúlù rọ́pò. Sàníù gbọ́ sí i. Ó wá sípàdé ọ̀hún fúnra rẹ̀, ó yọ fìlà, ó ní òun ò bínú o, ṣùgbọ́n Sáúlù ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá fi Sàníù sílẹ̀ níbẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì kan wá fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Ó kọ ìwé ràgàjì pé ikọ́ náà dúró fún ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀ lábẹ́ ìjọba ológun. Josiah ní, "Gàrí ni, sà." Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé gàrí ọ̀hún pàápàá dúró fún nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn eléètò ìlera dé pẹ̀lú ike kékeré. Wọ́n ní ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní láti ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife, ti Josiah sì ti pé ogójì ọdún lórí rédíò. Ó tutọ́ sínú ike, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Sàníù ní tirẹ̀ kó lọ sí Alákìá, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà: SÀNÍÙ INÚ ORIN. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń ra ibùsùn. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo mọ̀ tí wọ́n sọ ní Sàníù nítorí orin yẹn. Méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin, ọ̀kan jẹ́ ọmọ pásítọ̀. Àrínọlá? Ẹyọ kan ò sí.

Bá a ṣe wà nìyẹn títí di ọdún tó kọjá, tí dókítà sọ fún Josiah pé ọ̀fun rẹ̀ ti rẹ̀, kó fi orin kíkọ mọ níwọ̀n. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ náà ti ń le. Bá a ṣe ń bọ̀ nílé ìwòsàn, ó ní, "Ìyá Tìmílẹ́hìn, orúkọ tí mo ṣèlérí fún ọ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù nínú ọ̀fun yìí." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹkún ló gbà mí lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ kó rí i.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Moyinolúwa, adarí àwọn akọrin wa, torí òun ló ń ṣètò àjọ̀dún àádọ́ta ọdún orin náà nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Mọ́níyà. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin náà sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó mú báírò. Ó ní, "Màmá, Sátidé yẹn, èèyàn kankan ò ní wúkọ́."

Ẹni tí kò mọ Moyinolúwa ló máa rò pé àwàdà ni. Ó lẹ ìwé káàkiri: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WÚKỌ́. Ó fi Ọjọ́rú mẹ́ta kọ́ ìjọ bí wọn ò ṣe ní wúkọ́. Á fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, á máa rìn láàárín wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ sẹ́nu, á ní kó bọ́ síta. Díákónì kan bọ́ síta lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ọwọ́ òun kọ́, pé ó ń lọ fúnra rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ àjọ̀dún gan-an, wọ́n kó gbogbo ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe sábẹ́ igi níta, níbi tí wọ́n á ti máa gbọ́ láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní kí àwọn tó ń dáná paná ata. Wọ́n yẹ àpò Josiah wò bóyá gàrí wà níbẹ̀. Josiah na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kí wọn kú iṣẹ́.

Sàníù dé láti Alákìá, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fẹ́ yọ mí kúrò?"

Mo ní, "Bọ̀dá Sàníù, àádọ́ta ọdún lẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ sún díẹ̀ fún mi."

Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣe é láì sí i náà, torí gìtá ọjọ́ kìíní ni Josiah gbé wá, èèkàn ọ̀hún ò sì tíì ronú pìwà dà. Wọ́n gbé àga fún un lórí pèpéle. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èèkàn mú, ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu ara rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Josiah kọ ẹsẹ kìíní. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀nà eruku yẹn wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, mo ń rí bàtà tí mo fi ń rìn ín nígbà náà. Ó kọ ìkejì. Ó dé ìkẹta. Ó béèrè ẹni tó ń wá lọ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dúró nínú eruku pupa, ó ní, "N ó ní..."

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kò sí ẹni tó mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1975, àyè ṣí sílẹ̀ fún orúkọ mi. Mo di àyà mi mú.

Kò sí nǹkan.

Ìka rẹ̀ ń ta gìtá lọ. Ó yí i po, ó padà wá síbẹ̀. "N ó ní..." Kò sí nǹkan. Ó wò mí. Mo ti ń jí rí ojú yẹn láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìlà náà ti sọnù. Kì í ṣe pé kò mọ orúkọ mi, ẹ má ṣì í gbọ́. Orin náà ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ kò kọ ọ́ síbẹ̀ rí lójú ènìyàn, àádọ́ta ọdún ni nǹkan mìíràn sì ti ń gbébẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "N ó ní," ó sì wúkọ́.

Kì í ṣe gàrí. Ikọ́ kékeré ni, ikọ́ arúgbó.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan. Moyinolúwa ti kọ́ wọn já. Ojú díákónì ti pọ́n. Àwọn ọlọ́fìnkìn abẹ́ igi fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn. Sàníù ń làágùn, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ tó fi bo ẹnu. Arúgbó wúkọ́ níwájú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kò sẹ́ni tó kí i pẹ̀lẹ́! Mi ò rí irú ẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ó dúró síbẹ̀, ó lanu sílẹ̀, ojú ń tì í, ó ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dé ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wú ikọ́ yẹn, èmi ò kí i rí. Nígbà tí gbogbo ayé bá ń pariwo "Pẹ̀lẹ́ o," èmi á pa ẹnu mi dé, torí ikọ́ yẹn ni olè tó jí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mi ò rí olè. Ọkọ mi ni mo rí, ọ̀fun ń dùn ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn. Mo gbàgbé orúkọ, mo gbàgbé ìbúra.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Mi ò fi kọrin. Mo kàn kí i bí mo ṣe máa ń kí i nílé ni.

Josiah yíjú sí mi. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kí i, kò lè ṣe kó má dáhùn. Gìtá ṣì ń lọ. Ó ní, "O ṣé o, Àrínọlá." Ó sì bọ́ sí ìlà tó kàn fúnra rẹ̀, "Òun nìkan ni ọkàn mi ń pè."

Èmi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Sàníù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó yọ ọwọ́ lẹ́nu, ó yọ ọwọ́ lára èèkàn, ó fò dìde, ó ń pariwo, "Pẹ̀lẹ́ o! Pẹ̀lẹ́ o, Josiah! Pẹ̀lẹ́ o!" Okùn gìtá tú dààn. Gbogbo gbọ̀ngàn bá tú ikọ́ tí wọ́n ti há mọ́ àyà láti aago méjì sílẹ̀, àwọn abẹ́ igi náà sì gbà á. Wọ́n wúkọ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Díákónì wúkọ́ débi pé wọ́n fún un lómi.

Takisí Máíkírà kan ló gbé wa lọ sílé. Josiah wà níwájú, èmi àti Sàníù wà lẹ́yìn pẹ̀lú obìnrin kan tá ò mọ̀, gìtá dùbúlẹ̀ lórí itan wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí òkú. Mo bi Josiah pé báwo ni ìlà tó gbé orúkọ mi yẹn ṣe lọ gan-an tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mi ò rántí mọ́, Ìyá Tìmílẹ́hìn. Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?" Mo ní níbo ni mo ti máa gbọ́ ọ? Sàníù ní òun gan-an ò mọ̀ ọ́n, pé èèkàn lòun ń wò.

Eruku gba ojú fèrèsé wọlé. Josiah wúkọ́.

Ẹnikẹ́ni ò kí i. Dẹ́rẹ́bà, ẹni tí ọ̀fìnkìn ti jẹ́ kó gbọ́ gbogbo ẹ̀ lábẹ́ igi, rẹ rédíò sílẹ̀, ó ń wò mí nínú dígí. Obìnrin tá ò mọ̀ náà ń wò mí. Sàníù fi ìgúnpá tọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ tún gèlè mi ṣe, mo wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń kọjá lọ, mo jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, àádọ́ta ọdún ni èmi náà dúró. Lẹ́yìn náà ni mo tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o."